Abẹ́rẹ́ àti Ọmọ Oníbúrẹ́dì

Orí àkàbà ni obìnrin náà wà nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Ẹsẹ̀ kan wà lórí igi kẹrin, èkejì wà lórí igi karùn-ún. Búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, agolo ọ̀dà búlúù so mọ́ ìgbànú rẹ̀, ó sì ń kọrin jẹ́jẹ́ sí ògiri ṣọ́ọ̀bù olóògùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Oòrùn ọ̀sán ti lé gbogbo èèyàn wọlé. Òun nìkan ló kù níta, òun àti ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tó sì gbá ẹ̀rọ ìránṣọ kékeré kan mọ́ àyà.

Ọkùnrin náà dúró. Ó yẹ kó máa lọ sílé ìyá rẹ̀, torí ohun tó gbé e wá nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Kì í ṣe pé obìnrin náà rẹwà nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rẹwà. Bó ṣe ń fa lẹ́tà ni. Á mí sínú, á fa ìlà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbọ̀n, á wá mí síta. Aránṣọ ni ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀. Bó bá rí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, ó máa ń dá a mọ̀.

Ibi tí àṣejù ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ìlú yìí ń bá jà?"

"Kí lẹ wí?" Obìnrin náà ò wẹ̀yìn.

"ILE OGUN lẹ kọ síbẹ̀ yẹn. Ẹ ti fi O kan sílẹ̀. Tẹ́nì kan bá wá ra oògùn orí fífọ́, á rò pé ìbọn ni wọ́n ń tà."

Obìnrin náà yí padà wìì láti wo ẹnu tó ń sọ̀rọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lẹ́ẹ̀mejì lófuurufú, ó sì balẹ̀ sí àyà ẹ̀wù funfun ọkùnrin náà gbàà.

"Yéè!" Ó sáré sọ̀kalẹ̀. Ó wo ẹ̀wù, ó wo ògiri, ó ka àkọlé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá wo ojú ọkùnrin náà. "Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tí òótọ́ fi ẹ̀wù yín ṣe."

Ẹ̀rín pa á débi pé ó ku díẹ̀ kí ẹ̀rọ ìránṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bọ́ ọ, kí n bá yín fi kẹrosíìnì nù ún kó tó gbẹ."

"Kí n bọ́ ẹ̀wù sáàárín títì? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Ìyá Tíṣà á ní òun ò bí mi."

"Ìyá Tíṣà ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ìyá yín? Èyí tó ṣubú lórí àga nítorí aláǹgbá?"

"Aláǹgbá kẹ̀? Wọ́n ní ọwọ́ ló yẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ aláǹgbá fún mi."

"Ẹ lọ bi wọ́n," ni obìnrin náà wí, ó tún ti ń gun àkàbà rẹ̀ lọ. "Aláǹgbá ní tiẹ̀, ara rẹ̀ le koko."

Nígbà tí ọkùnrin náà délé, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a lẹ́yìn, ó sì rí ọ̀dà búlúù láyà rẹ̀.

"O ti pàdé Ọlọ́dà."

"Òun ló sọ fún mi nípa aláǹgbá."

"Ọmọ yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń bo àṣírí àgbàlagbà," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọlé, Abẹ́rẹ́ mi. Ọdún mẹ́tàlá! Ẹni tó ní iṣẹ́ pọ̀ fún òun ti rántí ọ̀nà."

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é láti kékeré, torí pé ó ga, ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó wá lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, orúkọ náà rí ilé gbé. Iṣẹ́ kọ́ ló sì lé e jìnnà sílùú fún ọdún mẹ́tàlá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí èmi náà má di ẹni tó ń fi pamọ́.

Ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ó ku oṣù méjì kó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀gá rẹ̀ jáde, ó ní kó bá òun fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò òun kan. Abẹ́rẹ́ ń lọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo gba pápá bọ́ọ̀lù kan. Ó ní kí òun kàn sáré wo ẹni tó gbá góòlù wọlé. Ó sáré lọ, ó dojú áyọ́ọ̀nù dé sórí ṣòkòtò, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa padà, iná ti yọ lórí òrùlé.

A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù náà jó kanlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bi Abẹ́rẹ́ ní ọ̀rọ̀, ó ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé inú ààrò oníbúrẹ́dì tó wà nílé kejì ni iná ti ta wọlé. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Ní ọjọ́ kẹta, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó ní òun ń wá iṣẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì tó dé, Ọlọ́dà gbé kẹrosíìnì wá sílé Ìyá Tíṣà. Ó bá Abẹ́rẹ́ nínú ẹ̀wù àná, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀dà kankan. Àpò tuntun kan ló wà láyà ẹ̀wù náà, ó bá a mu bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn.

"Ẹ ti fi àpò bò ó!"

"Iṣẹ́ aránṣọ nìyẹn."

"Ìyẹn ni pé àbàwọ́n kì í tán lọ́dọ̀ yín, ẹ kàn máa ń bò ó ni."

Àwàdà ló fi ṣe. Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbàgbé sínú ẹ̀wù.

Ó ní kí Abẹ́rẹ́ bá òun rán aṣọ iṣẹ́ kan, èyí tó máa ní àpò fún búrọ́ọ̀ṣì, fún rúlà, fún àkísà àti fún ohun ìpanu. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá láti fi àpò mẹ́jọ kún un, ó di méjìlá, ọ̀rọ̀ náà sì di àwàdà gbogbo ìlú. Lọ́jọ́ kẹta ó ní apá ṣókí. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní apá ti gùn jù. Ìyá Tíṣà, tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ níṣirò, pe ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

"Ìgbà méje lo ti wọn ọmọ yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé ó ń ga sí i ni?"

"Màámi, iṣẹ́ tó dáa kì í yá."

"Mo gbọ́. Ẹ̀rín tó ń wá láti ìta yìí náà, iṣẹ́ ni."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni "ẹ" di "ìwọ" láàárín àwọn méjèèjì. Kò sí èyí tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ yí i padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìfìwéránṣẹ́, Ọlọ́dà sì ya búrẹ́dì gbígbóná sí méjì.

"Jẹ ẹ́ kó tó tutù. Bàbá mi ò fẹ́ káwọn èèyàn máa jẹ búrẹ́dì òun ní tútù."

"Bàbá rẹ?"

"Ṣé o ò mọ̀ ni? Èmi lọmọ oníbúrẹ́dì. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo dàgbà sí. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni mo padà wá bá wọn."

Búrẹ́dì di òkúta lẹ́nu Abẹ́rẹ́. Ọlọ́dà ò rí i. Ó ń wo ọ̀nà, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ bí bàbá òun àti ọ̀gá aránṣọ ṣe jẹ́ ọ̀rẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ ṣòkòtò péńpé, bí wọ́n ṣe jọ kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì tó fara kan ara wọn kí wọ́n lè máa sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn iná yẹn, ọ̀gá aránṣọ ò bá bàbá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá òun náà kó ààrò rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun ìlú.

"Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀kan á sọdá sí òdì kejì. Ọdún mẹ́tàlá. Mi ò tíì rí ohun tó ń dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kí ló dé? O ò jẹun."

"Orí ń fọ́ mi," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Orí náà fọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí Ọlọ́dà bá ti yọ lókèèrè, Abẹ́rẹ́ á wọlé, ìyá rẹ̀ á sì jáde lọ purọ́ fún un. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá ní ó tó gẹ́ẹ́.

"Ọwọ́ mi ló yẹ̀, ẹnu mi ò yẹ̀. Mi ò purọ́ fún ọmọ yẹn mọ́. Kí lo ṣe?"

Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ ọ̀tún fa àga sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà. Èèyàn kì í wá iṣẹ́ lọ ní ọjọ́ kẹta iná pẹ̀lú ẹ̀wù kan ṣoṣo. Ẹ̀rù ló bà mí láti bi ọ́, torí náà èmi náà pín níbẹ̀." Ó mú aṣọ iṣẹ́ Ọlọ́dà lórí ẹ̀rọ, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún ọmọ rẹ̀. "Bí ojú rírán bá wọ́, kí lẹ̀yin aránṣọ máa ń ṣe?"

"À ń tú u ni."

"Ó dáa. Lọ tú u."

Ọlọ́dà ń kọ lẹ́tà A, B, D gàdàgbà sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Ó ti dé orí G.

"Sọ̀kalẹ̀, jọ̀ọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ bá ọ sọ."

"Ẹni tí orí ń fọ́! Máa sọ ọ́ níbẹ̀, ọ̀dà mi ń gbẹ."

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti ṣòkòtò, ti bọ́ọ̀lù, ti áyọ́ọ̀nù. Ó sọ ti ẹnu tó là tó sì tún pa dé. Búrọ́ọ̀ṣì dúró lórí ògiri, ọ̀dà sì ń ṣàn wálẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni mí?"

"Lọ́jọ́ tí a jẹ búrẹ́dì."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo wá sílé yín lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo ra oògùn orí fífọ́ fún ọ." Ohùn rẹ̀ rọra ń bọ̀, ìyẹn gan-an ló dun Abẹ́rẹ́ jù. "Èmi kọ́ ló yẹ kí o kọ́kọ́ sọ fún. Bàbá mi máa ń wà nídìí ààrò ní kùtùkùtù. Lọ síbẹ̀."

Ó padà sórí àkàbà. GB tó kọ tẹ̀ lé G wọ́ sápá kan. Òun ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tó wọ́ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ náà. Ó dojú kọ ògiri kí ẹnikẹ́ni má bàa rí omijé rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ kan ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì. Ọkùnrin gìrìwò kan ló ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀, ìyẹ̀fun náà ti dé ìgúnpá rẹ̀.

"Ta nìyẹn? Áà, aránṣọ alápò méjìlá! Wọlé, ti ilẹ̀kùn, má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun tó ti dà sílẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Oníbúrẹ́dì ò dá iṣẹ́ dúró. Ó ń pò ó, ó ń pò ó, títí ọ̀rọ̀ fi tán. Nígbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ṣé o mọ ohun tó burú jù níbẹ̀? Èmi náà gbà pé èmi ni. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń padà wá wo ààrò yìí kí n tó lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta, lójoojúmọ́."

Abẹ́rẹ́ bú sẹ́kún. Ọkùnrin náà jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

"Dìde," ló wí nígbẹ̀yìn. "Omijé ò dáa fún ìyẹ̀fun. Jẹ́ kí búrẹ́dì yìí jáde, ká lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ."

Ọ̀gá aránṣọ ti di arúgbó, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé rẹ̀. Ohun kan tí Abẹ́rẹ́ ò gbọ́ ni pé etí bàbá náà ti di.

"Ẹ káàárọ̀, sà! Abẹ́rẹ́ ni!"

"Abẹ́rẹ́? Mi ò rà. Mi ò ránṣọ mọ́."

"Èmi ni Abẹ́rẹ́, sà! Ọmọ iṣẹ́ yín!"

"Háà! O ò tíì sanra!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo dá iná yẹn!"

"O fẹ́ dáná? Ìyàwó mi wà ní kíṣìnnì, lọ bá a."

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Abẹ́rẹ́ fa èémí sínú títí èémí fi kún inú rẹ̀, ó sì figbe ta. "Mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù! Bọ́ọ̀lù ni mo lọ wò! Èmi ni mo jó ṣọ́ọ̀bù yín, kì í ṣe oníbúrẹ́dì!"

Fèrèsé ń ṣí lọ́tùn-ún, ó ń ṣí lósì. Olóògùn jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Ohun tí ọmọkùnrin náà fi pamọ́ fún ọdún mẹ́tàlá, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó mu tíì.

Arúgbó náà gbé ọwọ́ sétí. Ó ní, "Ṣòkòtò wo?"

"Ṣòkòtò yín tó ní àwọ̀ eérú, sà!"

"Mo wá ṣòkòtò yẹn títí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Arúgbó ò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti kọjá Abẹ́rẹ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì tó dúró sẹ́nu géètì, tí kò mọ̀ bóyá kóun wọlé.

"Mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "O ò sọ pé ìwọ kọ́."

"Èmi náà ò mọ̀ pé èmi kọ́!"

Arúgbó ronú lé e. Ó wá sún sápá kan lórí bẹ́ǹṣì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ibi tó ṣófo.

"Ẹsẹ̀ á ti máa dùn ọ́ láti ọjọ́ yìí tí o ti wà lórí ìdúró. Wá jókòó."

Àwọn méjèèjì jókòó, èjìká kan èjìká. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ fẹ́ rọra máa lọ, ọ̀gá rẹ̀ pè é padà. "Ìwọ! Ṣòkòtò eérú. Kó délé yìí lọ́la. Àpò rẹ̀ méjì ni o, mi ò fẹ́ méjìlá."

Lọ́sẹ̀ kejì, báńdéèjì kúrò lọ́wọ́ Ìyá Tíṣà. Ó ní ọmọ òun lè máa padà síbi tó ti ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ ní òun ò lọ mọ́. Ó gba ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù jó sí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ro koríko ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó mọ́lẹ̀. Lójoojúmọ́ ni àwọn arúgbó méjì máa ń gbé bẹ́ǹṣì wá síbẹ̀. Ọ̀kan á ní òpó náà wọ́ sọ́tùn-ún, èkejì á ní ó wọ́ sósì, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn tó dùn mọ́ wọn nínú.

Bí Ọlọ́dà bá ń kọjá, Abẹ́rẹ́ á kí i. Ọlọ́dà á dáhùn, á sì máa lọ. Ó ń dáhùn ṣá. Ìyẹn náà, nǹkan ni.

Bàbá rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nídìí ààrò. "Ọmọ yẹn jẹ̀bi. Mi ò gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Èèyàn mélòó lo mọ̀ tó máa ń wá?"

"Ó purọ́ fún mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ náà ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta purọ́ fún mi pé àárẹ̀ ló ń mú ọ tí o kì í fi í kọrin mọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọlọ́dà yọ sí ìta ilé Ìyá Tíṣà.

"Mo fẹ́ rán aṣọ."

Abẹ́rẹ́ dìde tó fi gbá àga ṣubú. "Aṣọ wo?"

"Aṣọ ìgbéyàwó."

Tẹ́ẹ̀pù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un nílẹ̀, ó tún bọ́. "Ta... ta ni ọkọ ìyàwó?"

"Aránṣọ kan báyìí. Ó ga, kò sanra. Kò tíì bi mí, mo sì ti dúró títí ó ti sú mi. Mo ní kí n tètè wá fúnni ní ìwọ̀n kí iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́ yín."

"Ọlọ́dà mi."

"Má tíì máa pè mí bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà." Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé wàá tún ba nǹkan jẹ́. Èmi náà á ba nǹkan jẹ́. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù."

"Bí mo bá ba nǹkan jẹ́, ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún."

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ náà gan-an. Kí n tó bọ́ bàtà."

Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, bó ṣe máa ń wo ògiri kó tó fi ọ̀dà kàn án. "Ó dáa. Máa bi mí."

"Ṣé wàá fẹ́..."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Jẹ́ kí n parí ẹ̀!"

"Parí ẹ̀, olólùfẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni náà ni."

Láti inú ilé ni ohùn Ìyá Tíṣà ti dé: "Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n dáadáa lọ́tẹ̀ yìí o! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni aṣọ ìgbéyàwó!"

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ rọra ń fẹ́. Ìyá Tíṣà ló kọ́kọ́ sọkún, oníbúrẹ́dì ló sun ún pẹ́ jù. Ọ̀gá aránṣọ wọ ṣòkòtò eérú. Nígbà tí ìyàwó wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun tí ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, gbogbo èèyàn inú yàrá dìde láti wò ó.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, oòrùn ò tíì wọ̀, tọkọtaya dé ẹnu ọ̀nà yàrá méjì tí wọ́n gbà. Ọlọ́dà ti ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé. Abẹ́rẹ́ dúró sórí àtẹ̀gùn.

"Wọlé, kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ní nǹkan kan láti sọ fún ọ. Mi ò tíì bọ́ bàtà."

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Ó padà wá sẹ́nu ọ̀nà. "Sọ ọ́."

"Aṣọ rẹ. Bọ́tìnnì kẹta lẹ́yìn. Láàárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé mo rán an wọ́. Gbogbo ìlú ló rí i."

Ọlọ́dà wò ó. Ó fi ọwọ́ wá bọ́tìnnì náà lẹ́yìn ara rẹ̀, ó kàn án, ó sì wọ́ lóòótọ́. Ẹ̀rín ta lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè dá a dúró mọ́, títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú aṣọ funfun rẹ̀, tí ó fa ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a tú okùn bàtà náà.